Ta Ni Yóò Jókòó Ti Aláìsàn?

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó kan olúkúlùkù wa ni. Gbogbo wa mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ wa kò sí ẹni tí í jiyàn owó ìsìnkú. Bí a bá ti gbọ́ pé bàbá tàbí ìyá ọ̀kan nínú wa jáde láyé, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, owó ti ń wọlé. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní yóò yá. Èyí dára, ó sì yẹ wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ìwé owó ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a kò ní rí ojú ìwé kan ṣoṣo tí a kọ ọ́ sí pé: owó yìí ni a fi tọ́jú aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a kọ orúkọ ẹni tí ó lọ sùn ti aláìsàn fún òru kan. Èyí ni ó mú wa béèrè ìbéèrè tí a fi ṣe àkọlé ọ̀rọ̀ yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a gun orí àga onídàájọ́. Ẹ̀bi náà kàn wá. Ohun tí ojú àwa fúnra wa rí nínú ẹbí wa ni a fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Ohun tí ìyàwó ilé sọ

Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ni. Òun ni ó ń pọ̀n wá nígbà tí ìyá tí ó bí wa lọ́mọ bá lọ sí ọjà. Nígbà tí ara rẹ̀ di ara àgbà, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin mú un láti Ọ̀fà wá sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ níhìn-ín ní Minna. Ọmọ náà ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kì í gbé ilé ju ọjọ́ méjì mẹ́ta lọ kí ó tó tún gba ọ̀nà jíjìn. Ìyàwó rẹ̀ ní ń dín àkàrà tí ó sì ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà láràárọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ìyá náà fẹ́ wé gèlè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì jábọ́ lójijì. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ kò sì yé ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ará ilé fi àdí pa á lára, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní kí ó sinmi díẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa rọpárọsẹ̀ náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n gbé e padà sí ilé, kò sì lè dá dìde mọ́ láti ọjọ́ náà.

Oṣù mọ́kànlá ni ìyá yìí fi dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí oṣù mọ́kànlá jẹ́. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ẹlòmíràn ni yóò máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì, lọ́sàn-án àti lóru, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ egbò ìdùbúlẹ̀ yóò jẹ ẹ́ ní ìdí àti ní gìgísẹ̀ títí yóò fi kan egungun. Oúnjẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a kàn rọ sí i lẹ́nu níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí, a gbọdọ̀ gbé e jókòó kí oúnjẹ má baà gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ fífọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ já ní ọjọ́ kan. Gbogbo èyí, ìyàwó náà nìkan ni ó ń ṣe é. Ó fi àkàrà dídín sílẹ̀. Owó òwò rẹ̀ wọ inú òògùn lọ, ó sì tán. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá ń pa ilé ìwé jẹ nítorí àtidúró ti ìyá àgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ pọn omi. Ẹni kan ṣoṣo tí ó ń wá ní alaalẹ́ láti bá a gbé ìyá náà padà ni obìnrin Gbagyi kan tí ó jẹ́ aládùúgbò wọn. Kì í ṣe ẹbí wa. Kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

Àwa ńkọ́? Ilé wa sí ilé wọn kò ju ohun tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń gbéni dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú oṣù mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a lọ. A mú ọsàn àti búrẹ́dì lọ́wọ́. A dúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá, a ní, "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run yóò fún yín ní àlàáfíà," a fi owó díẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí, a sì lọ. Iṣẹ́ ń dúró dè wá, bẹ́ẹ̀ ni a sọ fún ara wa.

Nígbà tí ìyá náà jáde láyé, wọ́n sin ín ní ọjọ́ náà gan-an gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà tí ó di fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ayé gbọ́. Ẹbí ti Ọ̀fà wá, wọ́n ti Ìlọrin wá, wọ́n ti Kàdúná àti Èkó wá. Àwọn tí ó ti òkèèrè wá nìkan lé ní ọgọ́ta. A pa màlúù, a ta kánópì dí ojú ọ̀nà, a sì ra aṣọ kan náà. Àwa fúnra wa yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa láti fi san ìpín tiwa, inú wa sì dùn pé ojú kò tì wá láàárín ẹbí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti kí ìyàwó náà. Ó ń fọ ìkòkò. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ẹran yìí pọ̀." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní, "Ẹ má bínú sí mi. Òru kan péré ni mo ń wá nínú gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kí ẹnì kan gba ìyá lọ́wọ́ mi kí n lè sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Mi ò rí i." Kò gbé ohùn sókè. Ó padà sí ìdí ìkòkò rẹ̀. Àwa kò rí èsì kankan fún un, títí di òní a kò tíì rí i.

Bí a ti dé ìhín

Ẹ jẹ́ kí á rántí ìdí tí a fi ní ẹgbẹ́. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni Minna, ojú irin ni ó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn bàbá wa wá síbẹ̀. Níhìn-ín ni ojú irin tí ó ti Èkó wá, tí ó gba Ìlọrin àti Jẹ́bà, ti pàdé èyí tí ó ti Baro létí odò Ọya lọ sí Kánò, tí ó dé Kánò ní 1911. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wá, àwọn oníṣòwò láti Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn àti ìlú mìíràn sì tẹ̀lé wọn. Ẹni tí ó dé ilẹ̀ àjèjì tí kò ní bàbá tàbí ìyá nítòsí, àwọn ará ìlú rẹ̀ ni ó di ẹbí rẹ̀. Nítorí àìsàn àti ikú gan-an ni irú ẹgbẹ́ báyìí fi gbilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú Òkè Ọya, kí ọmọ Yorùbá má baà dùbúlẹ̀ bí ẹni tí kò ní ènìyàn.

Ojú irin kan náà ni ó gbé àrùn wá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918 ni àrùn lúkúlúkú tí ó ń jà káàkiri ayé gba inú ọkọ̀ òkun wọ Èkó, kò sì pẹ́ tí ó fi tẹ̀lé ojú irin wọ inú ilẹ̀ lọ. Kò sí òògùn tí ó lè pa àrùn náà nígbà náà, ìbáà ṣe ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó wà ni omi, oúnjẹ gbígbóná, ibùsùn tí ó mọ́, àti ẹni tí yóò fún aláìsàn ní wọn. Ilé tí gbogbo ènìyàn dùbúlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sí ẹni tí yóò bu omi fún ẹnì kejì, ìyà irú ilé bẹ́ẹ̀ ju ti àrùn nìkan lọ. Lónìí òògùn pọ̀ ju ti 1918 lọ, ṣùgbọ́n òògùn kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbé ara rẹ̀ sí ẹnu aláìsàn.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ìjókòó ti aláìsàn jẹ́ iṣẹ́ àwọn tí kò ní iṣẹ́, kí ó rántí Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta. Ní 1954, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú, dókítà yìí kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà. Ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ó sì ní òfin kan: aláìsàn kì í dá wá. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, kí ó sì mú un padà sí abúlé. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè wá wo ètò yìí. Lambo fúnra rẹ̀ di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé kí ó tó di olóògbé ní 2004. Ohun tí ó fi hàn wọ́n kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ẹbí tí ó dúró ti aláìsàn wà lára òògùn rẹ̀.

Ìwé ìpín-iṣẹ́

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè mọ ohun kan dáadáa. Bí ọkọ̀ yóò bá rìn, a gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìpín-iṣẹ́. Ta ni yóò wa ọkọ̀, ta ni yóò jẹ́ gáàdì, ta ni yóò wà ní sítéṣàn lóru, gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ òru, a kì í tún kọ orúkọ rẹ̀ sí ti òwúrọ̀, nítorí ẹni tí oorun ń kùn lè fi ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣòfò. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí tiwa, obìnrin kan ṣoṣo ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí ọ̀sán àti òru fún oṣù mọ́kànlá, a kò sì bi í léèrè.

Nítorí náà, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ dá àbúrò bàbá wa dúbúlẹ̀ ní Minna kan náà, a mú ìwé àjákọ ọmọ ilé ìwé, a fa ìlà sí i, a sì kọ orúkọ ènìyàn méje nínú ẹbí sí i, ọ̀kan fún òru ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀sẹ̀. Orúkọ àwa wà ní ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: àwọn méjì kò wá rí. Ẹnì kan wá ní ẹ̀ẹ̀kan, ó ní òórùn yàrá náà kò jẹ́ kí òun lè jẹun fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin yòókù ń wá, òru mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ sì ni ìyàwó bàbá yìí fi ń sùn.

Ojú tì wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a wẹ̀ fún un. Àgbà ni, òun ni ó san owó ilé ìwé wa kí a tó parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òun náà yí ojú sí ara ògiri. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, òun ni ó ń pè wá pé, "Ọmọ mi, omi náà gbóná jù," a sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. A ti ń pa òwe yìí láti kékeré, ìgbà náà ni a tó mọ ohun tí ó jẹ́.

Dókítà ti sọ fún wa pé àrùn náà ti kọjá èyí tí a lè wò sàn. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a gbé e lọ sí ilé kí a máa retí àkókò. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: bí a kò bá lè wo àrùn sàn mọ́, a ṣì lè wo ìrora. Àwọn dókítà kan wà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn ni láti mú ìrora rọlẹ̀ fún irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó mú iṣẹ́ yìí gbilẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí ìrora bá ń dà láàmú, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó gbé e kúrò. Àbúrò bàbá wa kú. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n òru Ẹtì kan ni ó kú, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ọwọ́ wa, kò sì sí ẹni tí ó lè gba èyí lọ́wọ́ wa.

Ohun tí olúkúlùkù lè gbé

Àwọn kan yóò sọ pé, "Akọ̀wé, iṣẹ́ mi kò gbà mí láyè." Òtítọ́ lè jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrù àìsàn kì í ṣe ẹrù kan ṣoṣo, ó pín sí ọ̀nà púpọ̀.

Ẹni tí kò lè sùn ti aláìsàn lè mú àwọn ọmọ ilé náà lọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, kí wọ́n lè máa lọ sí ilé ìwé. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìfọṣọ tàbí ọmọbìnrin tí ó lágbára lè gba aṣọ fọ̀. Ẹni tí ó ń se oúnjẹ fún ilé tirẹ̀ lè fi ìṣù iṣu méjì kún un ní ọjọ́ Rú. Ẹni tí ó mọ ìwé lè tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù, kí ó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà láì mọ orúkọ àrùn tí a ní ó ń ṣe wọ́n. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ nígbà tí a bá nílò rẹ̀, kí a má máa sá kiri wá ẹni tí yóò ta á. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ pé lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn tí ó wà ní òkèèrè lè fi owó ránṣẹ́ ní oṣooṣù, kí ó mọ ní ìwọ̀nba, ṣùgbọ́n kí ó má já.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ní ohun kan nínú tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nínú wa ní káàdì ètò adójútòfò ìlera, òfin 2022 sì ti sọ irú ètò yìí di dandan fún gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ta ni káàdì òṣìṣẹ́ ń wò? Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kan tàbí ọkọ rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ tún un kà. Bàbá kò sí níbẹ̀, ìyá kò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá tí ó pọ̀n wá kò sí níbẹ̀. Ohun tí ìwé ìjọba ń pè ní ẹbí kéré ju ohun tí Yorùbá ń pè ní ẹbí lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwọn òbí rẹ̀ kún un yóò san owó lọ́tọ̀. Ìpínlẹ̀ Niger náà ní ètò tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NiCare. Kí olúkúlùkù lọ béèrè nígbà tí ara àwọn òbí ṣì le. Kí ó má dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé wọn wọ ọsibítù.

Ẹ sì má ṣe bo àìsàn mọ́lẹ̀. Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ fẹ́ràn àtimáa sọ fún àwọn ará ilé lórí fóònù pé àlàáfíà ni a wà. Wọn kì í gbọ́ nǹkan kan títí ìròyìn ikú yóò fi dé. Àwọn ará ilé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kó ọkàn wa sókè. Ẹni tí a kò sọ fún kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ní ti rọpárọsẹ̀ pàápàá, ìfarapamọ́ ń pa ènìyàn. Bí ojú ẹnì kan bá wọ́ lójijì, bí apá kan bá kọ̀ tí kò gbé sókè, bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má fi àdí pa á, ẹ má dúró de ọkọ rẹ̀ tàbí àgbà ilé. Òògùn tí í tú ẹ̀jẹ̀ tí ó dì nínú ọpọlọ kì í sábà wúlò bí ó bá ti ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ọsibítù ni ó ní in. Ìyẹn gan-an ni kò fi yẹ kí ìṣẹ́jú kan ṣòfò. Kí ẹni tí ó bá sì ti lé ní ogójì ọdún máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó lọ rí dókítà.

Lẹ́yìn ìsìnkú

Ọ̀rọ̀ náà kò parí ní ibojì. Títí di ọjọ́ kẹjọ, ilé ọ̀fọ̀ kún. Bí ó bá di ọjọ́ ogójì, àwọn ènìyàn tún wá. Lẹ́yìn náà, a kì í rí ẹnikẹ́ni mọ́, ìgbà náà sì ni opó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ pé òun nìkan ni. Onílé ń béèrè owó, ilé ìwé ń lé ọmọ wálé. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù tọ́jú aláìsàn kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láàárọ̀, oorun sì ń jí i ní wákàtí méjì méjì bí ẹni pé aláìsàn ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni ó sọ èyí fún wa. A ti fi owó díẹ̀ sí i lọ́wọ́ láti padà sí ìdí àkàrà rẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ti tún ń tò síwájú rẹ̀ láràárọ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti padà sí ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀wò wa dé oṣù kẹta àti oṣù kẹfà, kí ó sì jẹ́ pé a mú nǹkan lọ́wọ́.

Ohun tí a ń gbé síwájú ẹgbẹ́

Ní ìpàdé tí ó kọjá a dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ ṣí ìwé kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìsìnkú, kí ó jẹ́ ìwé aláìsàn. Kí ìdá mẹ́ta owó tí à ń san fún ìsìnkú jẹ́ ti ìtọ́jú ẹni tí ó wà láàyè, kí a sì máa kọ orúkọ àwọn tí yóò lọ dúró ti aláìsàn, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òru kan láàárín oṣù méjì.

Kò tíì sí ìpinnu. Àgbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ dìde, ó ní, "Akọ̀wé, ìsìnkú ni a fi ń mọ ilé ọlọ́mọ. Bí ẹ bá fi owó ìsìnkú ra òògùn, tí aláìsàn sì kú, kí ni ẹ ó fi sin ín?" Ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí a kò sin dáadáa jẹ́ ẹ̀gàn fún gbogbo wa ní ìlú àjèjì. Èsì tiwa ni pé ìdá méjì yóò ṣì wà fún ìsìnkú. Bí màlúù bá di àgbò, òkú kò ní bínú.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tún dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin yóò kọ orúkọ yín sí ìwé, àwa obìnrin ni yóò sì lọ." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ. Nítorí náà a ti fi kún àbá wa pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà ní ọjọ́ kan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ. Bí aláìsàn bá jẹ́ obìnrin tí kò yẹ kí ọkùnrin wẹ̀ fún, ọkùnrin lè pọn omi, ó lè dáná, ó lè jí lóru kí ó pe obìnrin ilé nígbà tí ó bá tó àkókò òògùn.

Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀ ni a ó ṣe ìpinnu. A bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ kí ẹ wá, kí ẹ sì sọ èrò yín, ìbáà ṣe pé ẹ fara mọ́ ọn tàbí ẹ kò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí ìpàdé tó pé, bí aláìsàn kan bá wà ní ẹbí yín tàbí ní àdúgbò yín, ẹ má dúró de ẹgbẹ́. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ òní. Ẹ má dúró ní ẹnu ọ̀nà bí àwa ti ṣe. Ẹ wọlé, ẹ bi ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ léèrè pé, "Ìgbà wo ni o sùn kẹ́yìn?"

Ọlọ́run yóò fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn, yóò tu àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ nínú, yóò sì fi ọmọ tí yóò jókòó tì wá jíǹkí olúkúlùkù wa ní ọjọ́ alẹ́. Àṣẹ.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé yín ní ìdí rélùwéè, Minna.